Ibi Tí Bíbélì Ń Ṣí Sí

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà sọ fún Agbọ́hùn pé ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta ni òun máa gé lára ìyàwó rẹ̀, kí egbò àtọ̀gbẹ má baà gun òkè.

Iṣẹ́ ìwé dídì, rírán ojú ewé àti lílẹ ẹ̀yìn ìwé, ni ọkùnrin náà ń ṣe. Àwọn ará ìjọ ló sọ ọ́ ní Agbọ́hùn, nítorí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí tí Olúwa kò ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Bí òjò bá pẹ́, ó mọ ìdí. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá kú, ó mọ ìdí.

Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló ń lò. Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

“Bàbá wọn, ohun tí Ọlọ́run bá sọ fún yín ni kí ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ rán an létí pé ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń jẹun o. Ẹnu kàn ń gbè é lẹ́yìn ni.”

Dókítà na ìwé sí Agbọ́hùn pé kó fọwọ́ sí i. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Olúwa. Ó lọ sílé, ó kúnlẹ̀, ó dijú, ó ṣí Bíbélì. Ibi tó ti sọ pé Olúwa ń ṣọ́ egungun olódodo, pé kò sí ọ̀kan tí yóò ṣẹ́, ni ojú rẹ̀ bà lé. Ó pa á dé, ó tún un ṣí. Ibẹ̀ náà ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ibẹ̀ náà ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Olúwa ti sọ̀rọ̀, ẹ má gé e,” ló sọ fún dókítà nígbà tó padà.

“Bàbá, egbò yìí ò ní dúró dè wá.”

Agbọ́hùn gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sílé. Ní Ọjọ́rú, ẹsẹ̀ wú dé ọrùn ẹsẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ibà dé. Ní ọjọ́ Ẹtì, òórùn gba gbogbo yàrá. Ní Sátidé, awọ ti dúdú dé ojúgun. Agbọ́hùn gbààwẹ̀, ó sunkún, ó tún Bíbélì ṣí. Ojú ewé kan náà ni.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìwé dídì láti sọ pé òun ò ní lè ṣiṣẹ́. Obìnrin tó ń bá a rán ojú ewé béèrè àlàáfíà aláìsàn. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn Bíbélì rẹ̀ lélẹ̀ lórí tábìlì, ó sì yọwọ́. Ìwé náà ṣí fúnra rẹ̀ sí ojú ewé kan náà.

“Ẹ wò ó! Ṣé ẹ rí i?”

Obìnrin náà kò ka ọ̀rọ̀ kankan. Ìka ló fi tọ àárín ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán níbí. Ta ló máa ń ka ojú ewé yìí?”

“Èmi ni. Láàárọ̀ láàárọ̀, láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.”

“Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ibi tí a bá ń tẹ̀ nínú ìwé, ibẹ̀ ni yóò máa ṣí sí. Bó bá jẹ́ oníbàárà ló wá sọ irú èyí, ẹ̀ bá ti fi í rẹ́rìn-ín.”

Ó fa Bíbélì mìíràn yọ nínú èyí tí wọ́n kó wá fún àtúnṣe, ó sì yọwọ́. Orúkọ àwọn baba àti ọmọ wọn ló kún ibi tí ìyẹn ṣí sí.

“Ṣé Ọlọ́run ò wá sọ nǹkan kan ni?” Agbọ́hùn béèrè.

“Èmi aránwèé lásán? Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ò mọ̀, Ọ̀gá. Ẹ lọ gbé ìyàwó yín lọ sílé ìwòsàn.”

Ó sáré títí dé ilé. Ara ìyàwó rẹ̀ gbóná bí iná. Ó kúnlẹ̀ tì í.

“Màmá wọn, mi ò mọ ohun tí Ọlọ́run sọ. Mo rò pé mo mọ̀ ni.”

Èémí ìyàwó rẹ̀ ń já. “Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà lókè. Kò bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ ìmọ̀. Ẹ pe takisí.”

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, Agbọ́hùn fọwọ́ sí ìwé láì kà á. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, gbogbo àlàyé tó ti ṣe fún àwọn ọlọ́fọ̀ rí wá sí i lọ́kàn, kò sì sí ọ̀kan tó ṣeé sọ fún ara rẹ̀. “Ṣàánú” nìkan ló lè wí. Kò béèrè ìdí.

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyàwó rẹ̀ lókè orúnkún.