Ta Ló Ń Gbé Gọ́ọ̀fù Moyọ̀sọ́lá?

Ibi ìjókòó dẹ́rẹ́bà ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ara fu Moyọ̀sọ́lá. Àárọ̀ Sátidé kan ni. Ó wọ inú mọ́tò rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan kílọ́ọ̀ṣì.

Moyọ̀sọ́lá kì í ṣe ẹni gíga. Bó bá fẹ́ wa mọ́tò, àfi kó fa àga síwájú títí orúnkún rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí sitíárìn. Bẹ́ẹ̀ ló sì fi í sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé tó gbé e dé láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kò tún fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà. Ta ló wá ti àga sẹ́yìn?

Gọ́ọ̀fù onílẹ̀kùn méjì ni mọ́tò ọ̀hún, dúdú, tòkunbọ̀ tó ti gbó díẹ̀ kó tó dé Èkó. Irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún eré ni, ṣùgbọ́n nígbà tí Moyọ̀ máa rà á, eré ti tán lára rẹ̀. Tọ́bò tó yẹ kó máa ti ẹ́ńjìnì láti gbéra ti kú. Ṣọ́ọ̀kì ti sọ̀rètí nù. Moyọ̀ sì nìyí, ilé iṣẹ́ kan ní Yábàá ló ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, owó oṣù rẹ̀ ò tó èyí tó lè fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òun á máa ṣe é díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra fóònù tuntun, òun ń ra pátì mọ́tò.

Sylvester ni mẹkáníìkì rẹ̀. Ọmọ Ẹdó ni, ṣùgbọ́n Múṣin ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ẹni tó wá láti Ọ̀yọ́. Ọkùnrin gbọọrọ, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé ni wọ́n ti jiyàn.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ tọ́bò yẹn sẹ́yìn ná. Búrèkì àti táyà la máa kọ́kọ́ ṣe."

"Ọ̀gá Sylvester, eré ni mo fẹ́, ẹ̀yin ń sọ ti búrèkì."

"Mo gbọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá sá eré ọ̀hún tán ńkọ́, ta ló máa bá yín dá a dúró?"

Moyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbà. Búrèkì àti táyà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n bọ́ sórí ṣọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn ìyẹn ni sàlẹ́ńsà tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, kí èéfín lè ráyè jáde dáadáa. Kílọ́ọ̀ṣì ló kù kí wọ́n tó kan tọ́bò gan-an. Moyọ̀ fún Sylvester ní kọ́kọ́rọ́ kan kó lè máa rí mọ́tò náà gbé wọ ṣọ́ọ̀bù nígbà tóun bá wà níbi iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló sọ sí i lọ́kàn láàárọ̀ Sátidé yìí.

Bàbá rẹ̀ jókòó ní pálọ̀, ó ń gbọ́ ìròyìn. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n ń gbé ilé ọ̀hún ní Sùúrùlérè láti ọjọ́ tí ìyá Moyọ̀ ti kú. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìlúpéjú ni bàbá rẹ̀, Bàbá Àkàngbé, ti fẹ̀yìntì, orúnkún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti ta mọ́tò tirẹ̀ pé ẹsẹ̀ òun ò gba kílọ́ọ̀ṣì mọ́.

"Dádì, ṣé ẹ rí ẹnikẹ́ni tó wá gbé mọ́tò mi lọ́sẹ̀ yìí?"

"Mi ò rí ẹnikẹ́ni o."

"Mẹkáníìkì mi ò wá síbí?"

"Ṣé ó yẹ kó wá ni?" Bàbá rẹ̀ ò gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

Láti ọjọ́ náà ni Moyọ̀ ti ń ṣọ́ mọ́tò bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò. Kì í gbé e lọ síbi iṣẹ́, torí kò síbi tí wọ́n ń páàkì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì wọn ní Yábàá. Ara ògiri pálọ̀ ló ń fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ kọ́, á wọ bọ́ọ̀sì lọ. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, á lọ fọwọ́ kan iwájú mọ́tò wò bóyá ó gbóná. Nígbà mìíràn, á tutù. Nígbà mìíràn, á dà bíi pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n oòrùn Èkó náà ń mú nǹkan lọ́ wọ́ọ́rọ́. Epo ń dín, kì í ṣe díẹ̀. Rédíò tó fi sí ibi tí wọ́n ti ń kọrin àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbé orin àgbà. Sylvester sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún.

Òórùn ló tún wá dé. Ọjọ́bọ̀ kan ló ṣílẹ̀kùn mọ́tò, òórùn èéfín kọ lù ú nímú. Kì í ṣe ti epo, kì í ṣe ti rọ́bà, ṣùgbọ́n èéfín ni. Ó gbé e lọ bá Sylvester ní Múṣin lọ́jọ́ kejì.

"Sàlẹ́ńsà tẹ́ ẹ ṣe ń jò."

Sylvester fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó nu ọwọ́.

"Kò jò, Àǹtí. Ibì kankan ò jò."

"Èéfín ń rùn nínú mọ́tò mi, ẹ ní kò jò?"

Ó ki orí bọ inú mọ́tò, ó fín imú. Moyọ̀ rí i tí ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, bí ìgbà tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé èèyàn. Ó fa orí jáde.

"Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń wà á. Á lọ."

Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ Moyọ̀ lọ́rùn rárá. Kí ló rí tí kò sọ?

Kílọ́ọ̀ṣì ló wá ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ pátápátá. Moyọ̀ fúnra rẹ̀ ló ra èyí tuntun ní ọjà Ládípọ̀, èyí tó le, tó lè gba agbára tọ́bò tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, àfi kéèyàn fi gbogbo itan tẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ dùn sí líle yẹn, ó mọ̀ pé ojúlówó ni. Nígbà tó yá, Sylvester gbé mọ́tò náà lọ láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Nígbà tí Moyọ̀ máa gbà á padà, kílọ́ọ̀ṣì ti rọ̀ bí tìmùtìmù.

Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Kí ni ì bá tún jẹ́? Ó ti yọ tuntun, ó ti tà á, ó sì ti fi àlòkù sí i. Ẹni yìí kan náà ló sì ń gbé mọ́tò kiri.

Ojú àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù Sylvester ló ti sọ ọ́. Àwọn kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró de mọ́tò tiwọn.

"Níbo ni kílọ́ọ̀ṣì mi wà?"

"Inú mọ́tò yín ló wà, Àǹtí."

"Irọ́ ni! Èyí tí mo rà le. Ta lẹ tà á fún?"

"Òun náà nìyẹn. Mo kàn pààrọ̀ pọ́ǹpù tó ń tì í, kó lè rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn ni."

"Ta ló ní kó rọ̀? Ṣé èmi ni mo bẹ̀ yín?"

Sylvester la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wo ilẹ̀. Ẹni tó ń fi òòlù lu páànù ní ẹ̀gbẹ́ kejì dáwọ́ dúró.

"Ẹ ò lè fèsì. Ẹ ń jalè, ẹ sì ń fi mọ́tò mi rìn kiri Èkó. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ mi wá."

Ó mú un wá. Kò gbé ohùn sókè. Ó kàn gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ó dáa," ó sì padà sídìí iṣẹ́ mìíràn.

Nílé, Moyọ̀ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin.

"O pè é lólè? Lójú gbogbo èèyàn?"

"Kí ló kù kí n pè é?"

"Ó lè má jẹ́ òun o." Bàbá Àkàngbé dìde, ó di orúnkún mú, ó wọlé lọ sùn láìjẹun.

Moyọ̀ rò pé wàhálà parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa wọ mọ́tò lópin ọ̀sẹ̀, àga ti wà lẹ́yìn. Sylvester ti gé kọ́kọ́rọ́ mìíràn nìyẹn! Moyọ̀ ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ ra tíráàkà kékeré kan tó ń sọ ibi tí mọ́tò bá wà, ó fi í pamọ́ sábẹ́ àga, ó so ó pọ̀ mọ́ fóònù rẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni fóònù ké. Wọ́n wà nínú ìpàdé. Moyọ̀ wo ojú fóònù: mọ́tò ti kúrò ní Sùúrùlérè. Ó ń bọ̀ lápá Yábàá. Ó kọjá Yábàá. Ìwáyà ló dúró sí, létí ọ̀sà.

"Mo ń bọ̀," ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀, kò sì dúró gbọ́ èsì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló wọ̀. Ó ti ṣí kámẹ́rà fóònù sílẹ̀ kó tó dé ibẹ̀.

Gọ́ọ̀fù rẹ̀ wà níwájú àwọn àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja, ó ń dán nínú èéfín. Moyọ̀ sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá. Èéfín ẹja wọ̀ ọ́ nímú, ara rẹ̀ sì ta gìrì: òórùn inú mọ́tò nìyí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàtà dúdú kan tó mọ̀ dáadáa jáde. Ẹsẹ̀ gígùn tẹ̀ lé e. Bàbá rẹ̀ ni. Fìlà wà lórí, ó ti fá irùngbọ̀n, ó yí mọ́tò po láìtiro, ó lọ ṣílẹ̀kùn fún obìnrin kan tó sanra, tó di òrùlé mọ́tò mú kó tó lè gbé ara rẹ̀ jáde.

"Dádì!"

Bàbá Àkàngbé fò sókè. "Moyọ̀! Ṣé... ṣé o ò lọ síbi iṣẹ́ ni?"

"Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀! Kí lẹ ń fi mọ́tò mi ṣe níbí?"

Obìnrin náà wo Moyọ̀, ó wo bàbá. Sàúdátù lorúkọ rẹ̀, ó ń ta ẹja yíyan, ọkọ rẹ̀ sì ti kú tipẹ́.

"Mọ́tò ta?" ló béèrè. "Bàbá Moyọ̀, ṣé ẹ ò sọ pé tiyín ni? Ẹ ní ẹ̀yin lẹ ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀!"

Àwọn tó ń yan ẹja ti bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Sàúdátù gbé agbọ̀n rẹ̀ kúrò lẹ́yìn mọ́tò, ó kí Moyọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Ẹ má bínú, ọmọ mi, mi ò mọ̀," ó sì wọ abẹ́ àtíbàbà lọ láìwẹ̀yìn.

Moyọ̀ ló wa mọ́tò lọ sílé. Bàbá fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Mo rò pé o máa ní mo ti gbàgbé ìyá ẹ."

"Èmi kọ́ ni mo máa sọ bẹ́ẹ̀, Dádì. Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí. Nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì yẹn le, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè tẹ̀ ẹ́. Mo bá lọ bá mẹkáníìkì ẹ. Mo ní kó bá mi dẹ̀ ẹ́, kó má sọ fún ẹ."

Moyọ̀ tẹ búrèkì. Mọ́tò dúró gbọnin lẹ́bàá títì, ẹni tó wà lẹ́yìn fun fèrè títí.

"Ẹ gbọ́ nígbà tí mo sọ pé mo pe ọkùnrin yẹn lólè. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ wọlé lọ sùn."

"Mi ò sùn," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ojú ló tì mí."

Wọn ò lọ sílé mọ́. Ó yí orí mọ́tò padà sí Múṣin. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, bàbá ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí fìlà, ó sọ fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pé òun lòún ń gbé mọ́tò, òun lòún ní kí wọ́n dẹ kílọ́ọ̀ṣì, pé Sylvester bo àṣírí òun, òun sì jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn bú u. Moyọ̀ kúnlẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Sylvester fà á dìde.

"Ẹja yẹn ni mo gbóòórùn lọ́jọ́ yẹn," ló wí, ẹ̀rín fẹ́ yọ ní ẹnu rẹ̀, kò yọ tán. "Bàbá ò tíì bá mi sọ nǹkan kan nígbà yẹn. Mo kàn rò pé ọ̀rọ̀ ilé ni."

"Ṣé ẹ máa bá mi parí ẹ̀?" ni Moyọ̀ bi í.

"Màá parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gba kọ́kọ́rọ́ yín mọ́ láéláé. Bẹ́ ẹ bá gbé e wá, ẹ jókòó tì í títí màá fi ṣe tán."

Bẹ́ẹ̀ ni Moyọ̀ ṣe lo ọ̀pọ̀ Sátidé lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kọ̀ǹpútà lórí itan, tó ń kọ ètò tí ẹ́ńjìnì máa lò, nígbà tí Sylvester ń de tọ́bò àlòkù kan tó ṣì dáa mọ́ ọn. Bàbá ní tirẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ bẹ Sàúdátù ní Ìwáyà. Ó pẹ́ kí obìnrin yẹn tó gbà. Ohun gbogbo tí bàbá bá sọ, á ní kó mú ẹlẹ́rìí wá.

Moyọ̀ ló gbé wọn lọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tí bàbá fẹ́ mú Sàúdátù lọ fi han àwọn ẹbí. Sàúdátù jókòó síwájú, bàbá ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kọjá Ìbàdàn tí ọ̀nà sì dá, Moyọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Tọ́bò súfèé. Ẹ̀yìn wọn lẹ̀ mọ́ àga, igi ẹ̀bá ọ̀nà di ẹyọ kan ṣoṣo.

"Yéè! Má sáré mọ́!" Sàúdátù figbe ta, ó di apá Moyọ̀ mú.

Moyọ̀ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò. Wọ́n lọ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Sàúdátù tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó wẹ̀yìn wo bàbá, ó wo iwájú.

"Báwo lo ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kan yẹn?" ló béèrè. "Tún ṣe é."