Àbá Tí Kò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni

Orí ẹjọ́ ìyá aránṣọ kan ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àna rẹ̀ fẹ́ lé e kúrò nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kú fi sílẹ̀, ló bá gba agbẹjọ́rò. Bàbá àgbàlagbà kan ló gbà, ẹni tí gbogbo kóòtù ń pè ní Bàbá Mo-kín-in-lẹ́yìn. Nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀, Bàbá dìde, ó tún wìgì orí rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ fún àwọn àna. Ó rò ó já gaara. Adájọ́ kọ́kọ́ rò pé ọgbọ́n kan ló ń dá. Nígbà tó yá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Bàbá, ta lẹ ń gba ẹjọ́ rẹ̀ rò?"

Bàbá bojú wẹ̀yìn, ó rí ìyá aránṣọ, ó sì béèrè pé ta ni obìnrin yìí.

Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú. Ìyá aránṣọ kò pariwo. Ó lọ fi ẹjọ́ Bàbá sun ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, ẹnikẹ́ni ò sì lè dá obìnrin náà lẹ́bi.

Bàbá ní ọmọbìnrin kan tí òun náà jẹ́ agbẹjọ́rò, ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n sì ń lò. Ó ti pẹ́ tó ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ káàkiri, tó ń gba fáìlì tí kì í ṣe tiẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń dá a padà sójú ọ̀nà ilé. Lọ́jọ́ ẹjọ́ ìyá aránṣọ, kóòtù mìíràn ló wà.

Alága ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin náà. Abẹ́ Bàbá ni alága ti kọ́ṣẹ́.

"Àbúrò, jókòó. Ọ̀nà méjì ló wà. Bí ẹ̀sùn yìí bá dé iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, gbangba ni wọ́n á ti gbọ́ ọ, wọ́n á sì pa orúkọ Bàbá rẹ́ bí ẹni pa orúkọ olè rẹ́. Ìkejì ni pé kí ẹgbẹ́ dìbò pé kí ó lọ sinmi. Ìyẹn ò ní ìtìjú nínú."

"Ṣé ẹ ò lè bẹ̀ ẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni?"

"Mo lọ bá a nílé. Ó gbà. A bọ ara wa lọ́wọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó pè mí lórí fóònù, ó ní kí ni mo wá ṣe ní pálọ̀ òun lánàá tí mo ká gúlútú bí adìyẹ tí òjò pa."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí èmi dá àbá náà."

"Òfin ò gbà á. Ẹbí kì í dá irú àbá yẹn, ẹbí kì í sì í kín in lẹ́yìn. Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Máa lọ, mo ti bá Gẹ́ńdé, ọmọ ẹgbẹ́ wa, sọ̀rọ̀. Òun ló máa kín in lẹ́yìn."

Òfin ẹgbẹ́ náà ló ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà wọn ni pé wọn kì í dárúkọ rẹ̀, kí ojú má baà tì í. Bàbá wá sí ìpàdé pẹ̀lú aṣọ tó gún régé. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. Wọ́n ka ìwé ìpàdé tó kọjá, wọ́n jà lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n jà lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò lómi.

"Ẹgbẹ́ amòfin, a ò rí omi dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀," ni ẹnì kan sọ látẹ̀yìn. "Ká pe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́jọ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì kín gbogbo àbá lẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni kò ti lè wo àbá kí ó ṣubú. Ó máa ń sọ pé àbá tó ṣubú láìjẹ́ pé a gbọ́ ọ, ẹnu èèyàn la dì yẹn.

Akọ̀wé wá dìde. Kò gbójú sókè. Ó kà á pé kí ẹgbẹ́ jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ kan, tí ara rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́, lọ sinmi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ta ló kín in lẹ́yìn?" ni alága béèrè.

Gẹ́ńdé ń wo bàtà rẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́. Àwọn tó kù ń wá nǹkan tí kò sọnù nínú báàgì wọn.

"Mo tún béèrè. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kín in lẹ́yìn, ó ti ṣubú nìyẹn."

Ọmọbìnrin náà di etí àga mú. Bí ó bá ṣubú, ìgbìmọ̀ ìbáwí ló kàn. Bàbá fẹnu sí i létí.

"Kí ló ṣe wọ́n? Àbá rere ni."

Ó fẹ́ dìde. Ọmọ rẹ̀ ṣàdédé di apá aṣọ rẹ̀ mú, kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó dì í mú.

"Fi mí sílẹ̀, jàre." Ó dìde. "Alága, mo kín in lẹ́yìn. A ò mọ ẹni náà, kò sì yẹ ká wádìí. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, tí a wá ń wò ó níran, àwa la ṣe é níkà. Oníbàárà rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun kọ́ ni ilé máa wó lé lórí?"

Alága mọ̀ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò lè kín in lẹ́yìn. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ó wo ọmọbìnrin náà. Ọmọbìnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"A ti kín in lẹ́yìn," ni alága wí.

Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n dìbò, ọwọ́ Bàbá ló kọ́kọ́ lọ sókè. Àwọn yòókù tẹ̀lé e.

Nínú ọkọ̀, ó ní, "Ẹni yẹn, ṣé ó lọ́mọ?"

"Ó lọ́mọ."

"Ó dáa. Ọmọ á tọ́jú rẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá ti múra kóòtù kí ọmọ rẹ̀ tó wọlé. Ojú rẹ̀ dá láàárọ̀ yẹn, orí rẹ̀ pé. Orí burúkú ni ìyẹn jẹ́, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló máa yé e. Ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ ò ní lọ mọ́. Ẹgbẹ́ ti dìbò."

Bàbá jókòó.

"Lórí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló dá àbá?"

"Akọ̀wé."

"Ta ló kín in lẹ́yìn?"

Ó lè sọ òtítọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó rí i pé òtítọ́ yẹn á pa á.

"Èmi ni, sà."

"Ẹbí kì í kín in lẹ́yìn."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O mọ̀, o sì ṣe é?"

Bàbá bọ́ kọ́là funfun ọrùn rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì kọjú sí ògiri.

Láti ìgbà náà, ó ti gbàgbé ìpàdé. Ó gbàgbé ìyá aránṣọ àti ilé rẹ̀, tí agbẹjọ́rò mìíràn ń bá a jà fún báyìí. Nígbà mìíràn ó máa ń gbàgbé pé ìyàwó òun ti kú, á sì máa pè é. Ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan ni kò gbàgbé. Bí ọmọ náà bá gbé oúnjẹ wọlé, Bàbá kì í wo ojú rẹ̀.

"Ẹ gbé e síbẹ̀, lọ́yà," á wí. "Ẹ ṣeun."