Pákó Ibùsùn Isabella

Mabel Purvis ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, níbi tí a jọ jókòó tí à ń bó ọ̀dùnkún. Ìyá rẹ̀ àti Isabella Tait jọ gbé ní oko Haggerlaw, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Ó ní tí ìyá òun bá ti ń sọ ọ́, tó dé ibi tí ọ̀gá ti fa ìjánu ẹṣin rẹ̀, ńṣe ló máa ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìparí oṣù Fẹ́búárì ni. Ní ilẹ̀ Northumberland nígbà náà, àdéhùn ọdún kan ni alágbàṣe oko máa ń bá ọ̀gá ṣe, ilé tó ń gbé sì wà lára iṣẹ́ náà. Bí ọ̀gá bá fẹ́ kó dúró, ọ̀gá á wá bá a kó tó di ọjọ́ ọjà ìgbanisíṣẹ́, á ní, “Ṣé wàá dúró?” Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sísọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá kò bá sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í bi í. Èèyàn á kàn mọ̀ pé ilé ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Á lọ sí ọjà lọ wá ọ̀gá mìíràn, tó bá sì di ọjọ́ kejìlá oṣù Mée, á kó ẹrù rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó di gbére.

Ọ̀gá Brewis ti bá àwọn Purvis sọ̀rọ̀. Ó ti bá olùṣọ́ àgùntàn sọ̀rọ̀. Cuthbert Tait, ọkọ Isabella, tó máa ń fi ẹṣin túlẹ̀, nìkan ló kù.

Nígbàkígbà tí pátákò ẹṣin bá ti dún lójú ọ̀nà, Isabella á fò dìde. Á ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á fi aṣọ ìdáná nu ọwọ́, á sáré dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹṣin á kọjá. Á tún padà sídìí ìkòkò.

“Ìyá Tamar!” Meggie Purvis, ìyá Mabel, á kígbe láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. “Ẹṣin alápatà nìyẹn o! Bó o ṣe ń sáré yìí, èèyàn á rò pé àfẹ́sọ́nà lò ń retí.”

“Ẹni tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ ló lẹ́nu ẹ̀fẹ̀,” ni Isabella á fi dá a lóhùn.

Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni ikọ́ ọkọ rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ni ikọ́ náà ti wọlé sí Cuthbert lára. Tó bá bẹ̀rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, àwo orí pẹpẹ á máa gbọ̀n. Ọ̀gá wo ló máa gbọ́ irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní wá ẹlòmíràn?

“Baba Tamar,” ló wí nígbà tí wọ́n ń jẹun, “tẹ́ ẹ bá gbúròó ọ̀gá, ẹ gbé e mì.”

“Kí n gbé kí ni mì?”

“Ikọ́ yẹn.”

“Ṣé ẹran ni?” Cuthbert bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ kò sì tán bọ̀rọ̀. Tamar ọmọ wọn gbé omi fún un. Tamar nìkan lọ́mọ tó kù nílé. Òun ni obìnrin oko ilé náà, nítorí alágbàṣe tí kò bá ní obìnrin tó lè bá a wọ oko, kò sí ilé fún un.

Ó wá di ọjọ́ kan, oòrùn yọ, irú oòrùn tí a kì í rí nínú òtútù. Isabella wo inú ilé yíká. Ó rò ó pé bí ọ̀gá bá wọlé láti sọ̀rọ̀, òórùn àìsàn ló máa kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ó sì mọ ibi tí òórùn náà wà. Inú ibùsùn àpótí ni, ibùsùn onípákó tó ní ilẹ̀kùn bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tí Cuthbert fúnra rẹ̀ kàn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, tí wọ́n ti gbé láti oko kan dé òmíràn kó tó wá fìdí kalẹ̀ ní Haggerlaw. Ó tú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó tú pákó ẹ̀gbẹ́, ó tú ti òkè. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n, ó wá fi gbogbo rẹ̀ ti ara ògiri iwájú ilé láti sá a sí oòrùn.

Ọ̀sán yẹn gan-an ni ọ̀gá Brewis dé. Ó fa ìjánu ẹṣin. Ó wo pákó wọ̀nyí, ó wò wọ́n pẹ́. Ni Cuthbert, tó wá jẹun ọ̀sán, bá húkọ́ nínú ilé.

“Ẹ káàsán, ọ̀gá,” ni Isabella wí.

Ọ̀gá la ẹnu, ó pa á dé. Ó fọwọ́ kan fìlà, ó ta ẹṣin nípàá, ó lọ.

Isabella fi ìbínú wọlé. “Ẹ ti lé ọ̀gá lọ! Mo ní kẹ́ ẹ gbé e mì!”

Cuthbert tẹjú mọ́ búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bá níbi tó ti ń jí nǹkan jẹ.

Látọjọ́ náà ni Meggie ti yí padà. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́, ìkíni rẹ̀ kò sì ju gbólóhùn kan lọ. Isabella rò pé àánú àwọn ló ń ṣe é, ìyẹn sì tún dá kún ẹ̀rù tó ń bà á.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà ku ọ̀la, Tamar ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, amọ̀ bo bàtà rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

“Ìyá, fọ́máànù bi mí níbo là ń kó lọ.”

“Ta ló sọ fún un pé à ń kó lọ?”

“Ó ní gbogbo oko ló rí pákó ibùsùn yín níta. Ó ní ta ló ń tú ibùsùn àpótí ní Fẹ́búárì, bí kò bá ti rí ọ̀gá mìíràn?”

Isabella jókòó. Ta ni kò mọ̀? Ẹni tó ń múra àtikó ẹrù nìkan ló ń tú ibùsùn àpótí. Òun alára ti rí irú pákó bẹ́ẹ̀ lára ògiri ẹlòmíràn rí, tó sọ fún Meggie pé, “Àwọn yẹn ti ń lọ.” Ikọ́ ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀ tí kò fi rí ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ń ṣe.

Ó gbá ògiri. “Meggie! Ṣé ìwọ náà rò pé à ń lọ?”

“Kí ni kí n rò?” Ohùn Meggie wá láti òdìkejì. “Inú ló ń bí mi pé o ò sọ fún mi!”

“N óò lọ bá ọ̀gá,” ni Isabella wí.

“A kì í bi ọ̀gá,” Cuthbert dáhùn. “Bàbá mi dàgbà, ó kú, kò bi ọ̀gá kankan rí.”

“Ẹnikẹ́ni ò fọ pákó bàbá yín.”

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ọ̀gá. Ọ̀gá Brewis ń jẹ ẹyin, ó ti wọ bàtà ọjà.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, pákó tẹ́ ẹ rí yẹn, mo kàn fọ̀ ọ́ ni. A ò lọ ibì kankan.”

Ọ̀gá gbé ṣíbí sílẹ̀. “Isabella, torí kí n lè sọ̀rọ̀ ni mo ṣe dúró lọ́jọ́ yẹn. Mo wá rí pákó. Mo ní, ha, Cuthbert tó ti ń fi ẹṣin mi túlẹ̀ látìgbà tí irun mi ṣì dúdú, ó wá ọ̀gá mìíràn, kò tiẹ̀ sọ fún mi. Ó dùn mí.”

“Mo rò pé ikọ́ rẹ̀ lẹ gbọ́.”

“Ikọ́? Ìgbà wo ni mi ò gbọ́ ikọ́ yẹn? Ẹṣin mi náà ń húkọ́, ṣé mo tà á ni?”

“Ẹ wá sọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ọ̀gá kọjú sí fèrèsé. “Lánàá ni mo bọ ọkùnrin kan lọ́wọ́, ará ẹ̀yìn òkè, tó máa gba ipò Cuthbert. Ó ti gba owó ìdè lọ́wọ́ mi, àdéhùn ti dè wá. Mi ò lè kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.” Ó yíjú sí i. “Kí ló dé tó ò bi mí?”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?”

Ọ̀gá mú fìlà rẹ̀, Isabella sì padà sílé lọ pe Cuthbert àti Tamar sí ọjà.

Lọ́jà, Cuthbert fi okùn pàṣán sára fìlà rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹṣin niṣẹ́ òun. Ó ń gbé ikọ́ mì títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin kúkurú kan dúró, ó kọ́kọ́ wo apá Tamar kó tó wo ojú Cuthbert.

“Ṣé tìẹ ni ọmọbìnrin yìí?”

“Tèmi ni.”

Ọkùnrin náà fi owó ìdè sí Cuthbert lọ́wọ́. Isabella mọ oko ọkùnrin náà, ó sì mọ ilé tí wọ́n á fún wọn níbẹ̀. Òkè pátápátá ló wà, omi máa ń gba ara ògiri rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ilé bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ikọ́ lọ.

Ọjọ́ kejìlá oṣù Mée pé. Wọ́n tú ibùsùn àpótí, wọ́n di pákó rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Isabella gbá ilé, ó to igi gbígbẹ sínú àdògán fún obìnrin tó ń bọ̀.

Meggie ń sunkún, síbẹ̀ kò lè ṣe kó má ṣẹ̀fẹ̀. “Tó o bá tún fẹ́ fọ pákó níbẹ̀, inú ilé ni kó o ti fọ̀ ọ́ o!”

“Ó dìgbà tí wọ́n bá gbé òkú mi kúrò nínú ibùsùn yìí kí wọ́n tó tún fọ pákó rẹ̀,” ni Isabella wí, ó dì mọ́ ọn.

Ọ̀gá Brewis dúró lẹ́nu géètì, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ kọjá lára rẹ̀, ó kígbe, “Cuthbert! Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, n óò tètè wá ọ wá!”

Cuthbert fẹ́ dáhùn, ikọ́ sì gbá a mú. Isabella kò ní kó gbé e mì. Nígbà tí ikọ́ náà tán, Cuthbert yíjú padà, ó juwọ́. Tamar náà yíjú padà, ó ń wo èéfín orí ilé wọ̀nyẹn títí òkè fi bò ó. Isabella jókòó sáàárín pákó, ó fọwọ́ méjèèjì dì wọ́n mú kí wọ́n má baà yẹ̀, ó tẹjú mọ́ etí ẹṣin tó wà níwájú, kò sì wẹ̀yìn.