Áńpílì Tó Ń Kú ní Orin Kẹta

Gafarou ní kò tíì sí áńpílì, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá ga, tó lè kú lójú òun. Níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Savalou ló ti sọ ọ́, ó na ìka sí pátákó tó gbé kọ́ sókè, DÓKÍTÀ OHÙN, ó ní bí èyí bá kú lójú òun pẹ́rẹ́n, òun yóò já pátákó náà lulẹ̀, kí Mẹ́tìrì Séraphin lọ fi ṣe ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́.

Séraphin, olùkọ́ tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Bantè, ń tú okùn ẹrù rẹ̀ lọ. Ìgbà kẹta nìyí tó di áńpílì rẹ̀ mẹ́yìn alùpùpù wá, irú àtijọ́ tí láńpù ń pọ́n nínú rẹ̀ bí ẹyín iná. Ní Bantè, bí wọ́n bá ti dé orin kẹta, á hó, á húkọ́, á dákẹ́. Bó bá dé Savalou, á máa kọrin bí ìyàwó tuntun. Gafarou ti pààrọ̀ láńpù lẹ́ẹ̀mejì. Ní báyìí, ó ní iná Bantè ni kò dáa.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá iná Bantè, Ọ̀gá," ni Séraphin wí.

Bẹ́ẹ̀ ni dókítà ṣe gun ẹ̀yìn alùpùpù lọ́sàn-án Sátidé, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń fi orin dánra wò. Orin kìíní, gìtá dún, ó mọ́ bí omi inú àpáta. Orin kejì, Gafarou ti ń jó, ó ń bèèrè ta ló ń purọ́ mọ́ òun. Orin kẹta: ó hó, ó húkọ́, ó dákẹ́.

Gbogbo akọrin yíjú sí i. Ó sáré tú ẹ̀yìn áńpílì. Kó tó tú u tán, ohùn ti padà. Ó dì í, ó kú. Ó tú u, ó kọrin. Òógùn rin ín gbingbin, ojú rẹ̀ ń wá ọ̀nà Savalou.

Ìgbà náà ni Nadège wọlé. Ṣọ́ọ̀bù ìṣerun rẹ̀ ló kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ bí orin kẹta ṣe ń kú. Ó mú séṣuwà tó fi ń fẹ́ irun gbẹ lọ́wọ́, Yvette oníbàárà rẹ̀ sì tẹ̀lé e, táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn.

"Ọ̀gá, ooru ló ń pa á," ni Nadège wí. "Lórí alùpùpù, atẹ́gùn ti fẹ́ ẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin wá ń tú ẹ̀yìn rẹ̀ sí atẹ́gùn, ẹ ń wá àìsàn ooru lára ohun tó ti tutù."

Gafarou rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ó wá kìlọ̀ fún un pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀, iná inú rẹ̀ a máa pààyàn.

Nadège ní kí Séraphin máa ta okùn kan ṣoṣo, kó má dúró. Ó fẹ́ ooru sí láńpù, ohùn ń lọ. Ó fẹ́ ẹ sí àwọn agolo kéékèèké, ohùn ń lọ. Ó wá fẹ́ ẹ sí rẹ́sísítáńsì kan, ohun bíńtín tó ń dín agbára iná kù, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, lẹ́bàá láńpù. Ohùn kú.

Ó tẹ bọ́tìnnì atẹ́gùn tútù. Ohùn ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tó ń gun òkè, títí ó fi kún ilé. Ooru, ó kú. Tútù, ó jí.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Orin gbogbo, láti ọjọ́ yìí wá, orí hóró ìrẹsì kan ló dúró lé. Séraphin ń ta okùn náà lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò mọ̀. Gafarou kúnlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wò ó dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó pẹ́ níbẹ̀.

Wọ́n paná, Gafarou mú rẹ́sísítáńsì tuntun nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́, ó di ẹ̀yìn áńpílì padà. Orin méje, áńpílì kò húkọ́.

"Àǹtí," ni Gafarou wí, ó yọ fìlà, "pátákó yẹn, iwájú ṣọ́ọ̀bù yín ni n ó wá gbé e kọ́."

Séraphin ní ewúrẹ́ òun yóò forí ji Ọ̀gá bí kò bá rí ilẹ̀kùn gbà. Àwọn akọrin sì dúró, gbogbo ojú wà lára Nadège, bí ẹni pé yóò tún jí nǹkan mìíràn dìde.

"Nadège," ni Yvette wí lẹ́nu ọ̀nà, "ìdajì irun orí mi ṣì tutù."