Òrùlé Tí Mo Dá Rù

Àǹtí mi, ẹ gbọ́ àlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá. Inú ṣì ń bí mi. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣe àáró. Mo ti bá wọn kọ́lé tiwọn, ó wá kan ilé tí mo fẹ́ máa fi kọ́ àwọn ọmọdé níwèé. Òjò ṣú. Bí a ṣe gbé òrùlé, wọ́n fò gùn ún, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà lókè, ó ku èmi nìkan lábẹ́ rẹ̀.

"Alákọ̀wé, rọra rìn, ẹ̀pà wa ń dà nù!"

Ó dùn mí, ó tún tì mí lójú pé ó dùn mí.

"Ṣé mi ò bá yín ṣe tiyín ni?"

"Sọ ọ́ kalẹ̀, kí gbogbo wa sinmi."

Mi ò sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn ọmọ ti jókòó sáàárín ògiri, wọ́n ń wojú mi. Mo na ọwọ́ kí n gbé e lé ògiri, ìrọ̀rí ni mo bá lọ́wọ́ mi.