Ọjọ́ Orí Ọ́fíìsì

Ọjọ́ orí méjì ni Nehemiah ní. Ọ̀kan wà fún ilé, èkejì wà fún ọ́fíìsì. Ti ilé jẹ́ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ìyá rẹ̀ tó rọbí rẹ̀ ní Iléṣà ló sì mọ̀ ọ́n. Ti ọ́fíìsì, òun fúnra rẹ̀ ló bí i, ní kóòtù, lọ́jọ́ tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ìjọba tó gbé Bíbélì sókè, tó búra pé wọn ò tíì bí òun ní àkókò tí gbogbo àdúgbò ti ń rán òun níṣẹ́. Ọdún mẹ́jọ ló gé dànù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bó ṣe di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta lónìí nìyẹn.

Phebe, àbúrò rẹ̀ obìnrin, jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ní Iléṣà, Nehemiah fi ọdún mẹ́ta ju Phebe lọ. Tó bá ti dé Òṣogbo, tó sì wọ ọ́fíìsì rẹ̀, Phebe ti fi ọdún márùn-ún jù ú lọ. Ìrìn àjò tí kò ju kéèyàn jẹ ẹ̀pà tán nínú mọ́tò ló ń sọ ẹ̀gbọ́n di àbúrò bẹ́ẹ̀.

Phebe kì í bá a jà sí i. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Fìà ní Òṣogbo, níbi tó ti ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti tó o ṣe. Yínmú ló kàn máa ń yínmú. Ó yínmú nígbà tí Nehemiah bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀lú kun irun rẹ̀ títí tí etí rẹ̀ fi dúdú mọ́ ọn. Ó yínmú gidi gan-an lọ́jọ́ tí Nehemiah ṣe ìdúpẹ́ ogójì ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn ní Iléṣà, tí tíṣà tó kọ́ ọ ní a-b-d jókòó síbẹ̀ tó ń jẹ ìrẹsì, tó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àlùfáà kéde ogójì ọdún náà, ìyá wọn béèrè tòun ti ohùn pé, "Ọmọ ta ló pé ogójì?" Wọ́n ní kó dákẹ́. Wọ́n fi ẹran sí i lẹ́nu.

Ohun tó ba ẹ̀rín jẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí Ìwàlẹwà, ìyàwó Nehemiah, gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan.

"Àǹtí, ẹ bá mi bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀," ó ní. "Wọ́n ń tọ̀ léraléra, tí wọ́n bá sì dé ibẹ̀, wọ́n á dúró títí. Mo máa ń gbọ́ ọ. Kì í dà. Ṣe ló máa ń kán."

Ọwọ́ Phebe dúró lórí bọ́tìnnì tó ń ṣà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá wọn gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó kọ́kọ́ ń kán, ó wá dí pátápátá, wọ́n wá fi rọ́bà sí i, kí wọ́n tó sọ pé jẹjẹrẹ ni, àti pé ó ti wọ egungun. Phebe ló ń da àpò ìtọ̀ náà nù. Phebe ló ń di ọkùnrin náà mú bó bá ń ké. Nehemiah wà ní kọ́ọ̀sì ní Àbújá ní gbogbo àkókò yẹn. Ìgbà tí òkú délẹ̀ ló tó yọjú, ó wọ awò dúdú, ó ń báwọn èèyàn bọ̀wọ́.

Ẹ̀rù ba Phebe. Bó ti wù kó fojú tín-ín-rín ọkùnrin náà tó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ bá a nílé.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò."

"Àyẹ̀wò kí ni? Ta ni nǹkan ń ṣe?" Nehemiah na ẹsẹ̀ sórí tábìlì. "Èmi tí mò ń jẹ iyán tó ń wọlé dáadáa! Ẹ̀yin obìnrin, ẹ kàn máa ń wá àìsàn kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọ nù ni."

"Ó lé lọ́dún mélòó kan tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ́fíìsì yín. Gbogbo ẹni tó ti pé àádọ́ta ni wọ́n ń pè lọ́dọọdún."

"Ìyẹn àwọn àgbà," Nehemiah ní. "Èmi ò tíì pé àádọ́ta."

Ó sọ ọ́ fún Phebe. Fún Phebe o! Nínú pálọ̀ ara rẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń gbọ́. Phebe wo ojú rẹ̀ bóyá á rí i pé ó ń ṣàwàdà, kò rí nǹkan kan. Irọ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára débi pé òun alára ti gbà á gbọ́. Phebe dìde, kò tilẹ̀ mu omi tí wọ́n gbé fún un.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò ọdún yẹn pé, òun àti Ìwàlẹwà dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ní kí Nehemiah wá gbé àwọn lọ, torí wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ lè mú ará ilé wọn dání. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò, kò sì sí ibi tó jìnnà jù fún un láti gbé e lọ kí ayé lè rí i. Bí wọ́n ṣe dé gbọ̀ngàn náà nìyẹn, ní Òkè-Fìà níbẹ̀, Nehemiah ń kí ọ̀tún, ó ń kí òsì, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣeré lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń darí ètò ń jẹ́ Kifayat, obìnrin pẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ.

"Ẹ gbọ́ o!" ó ní. "Ẹni tó bá ti lé lógún ọdún, a ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà yín. Obìnrin tó ti pé ọgbọ̀n, ẹ má lọ láìjẹ́ pé a yẹ ẹnu ilé ọmọ yín wò. Ogójì ọdún sókè, ẹ fi ojú kún un, kí àwọn obìnrin fi ọmú kún un. Àwọn yẹn, apá òsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pé àádọ́ta, ẹ bọ́ sápá ọ̀tún. A ó wo ìgbẹ́ yín, a ó sì gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin ọkùnrin láti fi mọ bí pírósítéètì ṣe wà, ẹran kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ yín. Kì í ṣe torí pé nǹkan ń ṣe yín la ṣe pè yín. Ká lè tètè rí i tó bá fẹ́ ṣe yín ni."

Àwọn èèyàn pín sọ́tùn-ún sósì. Nehemiah fi ìdí lé àga lápá òsì láàárín àwọn ọmọ ogójì ọdún, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Lódìkejì, Jẹ̀lílì, ọmọ Òṣogbo kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ń wá ibi jókòó láàárín àwọn àgbà. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Nehemiah fi ju Jẹ̀lílì yìí lọ.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin ṣì kéré o!" Jẹ̀lílì pariwo. "Ẹ máa gbádùn ara yín!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ti Nehemiah ló ròkè jù.

Phebe dìde pé kóun lọ sápá ọ̀tún, níbi tí ọjọ́ orí rẹ̀ ní kó lọ. Jẹ̀lílì wò ó, ó wo Nehemiah.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o, ta ni màmá yìí sí yín? Ojú yín jọra gan-an."

Phebe dúró. 

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," Nehemiah ní. Bẹ́ẹ̀ ló dìde, ó gba báàgì lọ́wọ́ Phebe, ó sì tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ́ wáyà yẹn."

Jẹ̀lílì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n ọ̀gá. Ara Phebe gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Láti kékeré ló ti ń kúnlẹ̀ kí ọkùnrin yìí. Kò pe orúkọ rẹ̀ lásán rí, kódà tí kò bá sí níbẹ̀. Ó ti jẹ ìyà ẹ̀gbọ́n, ó ti jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n, ó ti fi ẹran inú ọbẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n náà ló wá ń tẹrí ba fún un yìí, torí àga àti tábìlì ìjọba. Ó kórìíra rẹ̀ níbi tó dúró sí. Síbẹ̀, ó lọ jókòó, kò fọhùn, torí ó mọ̀ pé gbólóhùn kan láti ẹnu òun, iṣẹ́ Nehemiah lọ nìyẹn, àti ohun tí Ìwàlẹwà àtàwọn ọmọ ń jẹ.

Kò pẹ́ tí Kifayat fi dé ọ̀dọ̀ Nehemiah.

"Ọ̀gá, ṣé ẹnì kan ní àìsàn pírósítéètì rí nínú ẹbí yín? Bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a kì í dúró di àádọ́ta. Láti ogójì la ti ń gba ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún."

"Rárá o," Nehemiah ní. "Ará ilé wa le. Bàbá mi, ogbó ló pa wọ́n."

Phebe gbọ́ ọ láti ọ̀hún. Ó ti gba kó parọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ó ti gba kó parọ́ mọ́ òun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ké títí ohùn rẹ̀ fi tán, tí òun di mú ní apá méjèèjì, ogbó ló pa á? Inú bí i débi pé ó ti dìde kó tó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ìgbà tó dìde tán ló wá rántí pé wọ́n ti fi òun joyè ẹ̀gbọ́n nínú gbọ̀ngàn náà.

"Nehemiah!"

Orúkọ lásán. Gbogbo orí yí padà. Nehemiah alára wò yíká bí ẹni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

"Nọ́ọ̀sì, àìsàn yẹn gan-an ló pa bàbá wa. Èmi ni mo gbé àpò utọ̀ rẹ̀." Tí Phebe bá ti bínú, Ìjẹ̀ṣà ẹnu rẹ̀ máa ń jáde. "Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

"Phe... Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká délé ná."

"Ulé kẹ̀? Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ àbí èmi kọ́?"

Òógùn bọ́ lórí Nehemiah, ẹ̀lú sì bá a wálẹ̀, ó fa ìlà dúdú kan sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Tó bá ní òun kọ́, wọ́n á béèrè ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀yin ni," ó ní.

"Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Na ọwọ́ rẹ."

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ sí màmá lẹ́nu," Jẹ̀lílì ní, ó ń fi orí bẹ̀bẹ̀.

Nehemiah na ọwọ́. Bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé ló dijú bí ọmọ ọwọ́, Phebe sì ń wò ó láti òkè wálẹ̀, kò ṣe é láàánú rárá.

Ẹ̀jẹ̀ náà kò dáa. Wọ́n ní kó lọ sí ọsibítù ńlá. Wọ́n gé díẹ̀ lára pírósítéètì rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ wò, wọ́n ní kó padà wá gbọ́ èsì. Ìwàlẹwà ní ẹsẹ̀ òun kò ní í gbé òun débẹ̀, Phebe ló bá a lọ.

Dókítà Rájí ni wọ́n bá. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé jẹjẹrẹ ni lóòótọ́. Dókítà wá sún àga rẹ̀ mọ́ wọn.

"Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kí yín kú oríire kan, sà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kì í wá àfi tó bá ti bàjẹ́. Ẹ̀yin, ní ọdún méjìdínláàádọ́ta, ọjọ́ orí yín kò tilẹ̀ tíì tó èyí tí wọ́n ń pè, ẹ ti yọjú. Ẹ tètè wá gan-an ni. Ìbá wu èmi kí gbogbo èèyàn ní ọgbọ́n yín."

Ẹ ò gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ ọ́: Nehemiah rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. "Ẹ ṣeun, Dókítà," ó ní. "Èmi kì í fi ìlera mi ṣeré."

Lásán ni Phebe ń retí kí Nehemiah fi òtítọ́ kún un.

"Dókítà," Phebe ní, "ẹ má kí i. Èmi ni àbúrò rẹ̀. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta sì ni mí."

Nehemiah yí sí i bí ẹni tí kòkòrò ta. "Phebe! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

"Uṣẹ́ wo? Bùrọ̀dá, ohun tó pa Bàbá ló wà lára yín yìí. Ẹ sọ ọdún yín fún wọn!"

Ilẹ̀ ni Nehemiah sọ ọ́ fún. "Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ti ń yẹ àwọn tó pé àádọ́ta wò ní ọ́fíìsì yín, sà. Èmi náà wà lára àwọn tó ń lọ síbẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ò wá?"

"Wọn ò pè mí," Nehemiah ní.

Phebe ti la ẹnu láti fọ̀rọ̀ gún un, kó dùn ún dé egungun. Ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti yé Nehemiah alára. Ó di etí tábìlì mú.

"Dókítà," ó ní, ohùn rẹ̀ kò jọ ti ọ̀gá ẹnikẹ́ni mọ́, "ọdún mẹ́fà yẹn, ṣé ó ti pọ̀ jù?"

Dókítà fa ìwé tó fi ń rán wọn lọ ya àwòrán egungun mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọjọ́ orí Nehemiah kọ.