Oògùn Orogún

Ìlara ò jẹ́ kí Mùyìbátù ti Òtù gbádùn. Òun ni ìyálé, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì ń ṣe òun àti Àdìjátù, ìyàwó kékeré. Ṣùgbọ́n ara Àdìjátù ti ń le, tirẹ̀ ò yí padà. Ó dá a lójú pé dókítà ń fún orogún òun ní ojúlówó oògùn.

Lọ́jọ́ kan tí Àdìjátù lọ sóko, Mùyìbátù yọ́ wọ yàrá rẹ̀, ó bù lára oògùn náà, ó sì gbé e mì mọ́ tirẹ̀. Kò pẹ́ tí òòyì fi kọ́ ọ, ló bá ṣubú. Àdìjátù tó ti oko dé ló gbé e lọ sọ́sibítù.

"Màmá, kí lẹ lò?" nọ́ọ̀sì bi í.

Ojú tì í níwájú orogún rẹ̀, síbẹ̀ ó jẹ́wọ́.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Oògùn yẹn ò dára ju tiyín lọ, ara ló yàtọ̀ síra. Méjèèjì tẹ́ ẹ lò pọ̀ ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín wálẹ̀ jù. Ẹ̀yin lẹ ò padà wá sọ fún wa pé tiyín ò ṣiṣẹ́, ká lè pààrọ̀ rẹ̀."

"Ìyálé mi, ẹ jẹ́ ká jọ máa wá," ni Àdìjátù wí.

Mùyìbátù gbà. Àmọ́ ó ń dùn ún pé orogún òun ni wọ́n tún máa yìn nílé, pé ó gba òun là.